Ìyá Tó Yẹ Kó Wá Jẹ́rìí

Nígbà tí olùdíje náà dìde ní kóòtù, tó ní ìyá òun ń múra lọ́wọ́, pé kò ní pẹ́ dé láti wá jẹ́rìí, wọ́n ti wẹ òkú ìyá náà, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, ààfáà sì ti ní ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán ni àwọn máa sin ín. Gbogbo Yorùbá tó jókòó sẹ́yìn kóòtù ló mọ̀. Olùdíje nìkan ni kò mọ̀.

Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ni, lọ́dún ìdìbò. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo sì ti jókòó nínú kóòtù púpọ̀, àmọ́ n kò tíì rí ọjọ́ tí ìdajì èrò kóòtù mọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ̀, tí gbogbo wọn sì panu mọ́. Ẹjọ́ ọjọ́ náà kò ṣòro láti sọ: ṣé ọmọ ìlú Gabon ni obìnrin yìí lóòótọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ á wà lórí ìwé ìdìbò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á yọ ọ́.

Àdúgbò Nkembo, níbẹ̀ ní Libreville, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ wá láti apá Ọ̀ṣun, ó ta bàtà níbẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ náà kàwé òfin, ó wọ iṣẹ́ ìjọba, ó sì di agbẹjọ́rò ìjọba: ẹnikẹ́ni tó bá pe ìjọba lẹ́jọ́, òun ni yóò gbé aṣọ dúdú wọ̀ tí yóò dìde dá a lóhùn. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nígbà púpọ̀. Kì í pariwo. Á jẹ́ kí ẹni kejì rojọ́ títí kó rẹ̀ ẹ́, á wá bi í ní ìbéèrè kan péré, á jókòó.

Àwọn ará wa ní ọjà Mont-Bouët ò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wó àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, tí àwọn oníṣòwò gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, òun ló dúró fún ìjọba, òun ló sì borí. Ọkùnrin kan tó ń ta báàgì, tó jẹ́ aṣáájú àwọn oníṣòwò Yorùbá níbẹ̀, kò gbàgbé. Bí obìnrin náà bá wá kí ìyá rẹ̀ lọ́jà, oníbáàgì á nà án lọ́rọ̀ láti ìsọ̀ rẹ̀:

"Ìyàwó Ìjọba, ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí yín, Bàbá. Ó ní kí ẹ kúrò lójú ọ̀nà."

Gbogbo ìsọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, oníbáàgì náà á rín tirẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń bojú jẹ́.

Nígbà tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tó ní òun fẹ́ díje fún ilé aṣòfin, mo bi í pé kí ló rí tó fi ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òfin tí àwọn ẹlòmíì jókòó ṣe ni mo ti ń gbèjà láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe é." Oníbáàgì gbọ́, ó sì yí padà pátápátá. "Ìjà ìsọ̀ ti tán," ó sọ fún mi. "Ọmọ wa ni." Mo bi í bóyá òun máa dìbò fún un. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpè. "Pẹ̀lú ìwé ìgbélùú? Oníròyìn, àdúrà ni mo ní, mi ò ní ìbò."

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù kò lè dìbò. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí síbí ló lè dìbò, èdè Faransé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ronú. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Awendjé, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gbọ́. Ìgbà tí alátakò rẹ̀ rí i pé wọ́n ń gbọ́ ló pè é lẹ́jọ́. Ó ní bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ó fi kún un pé ìyá rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ ìlú, pé láti Porto-Novo ni wọ́n ti pọ̀n ọ́n wá.

Irọ́ gbáà ni, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ṣe sọ fún mi. Ó ní Yorùbá ni bàbá òun, àmọ́ obìnrin Mpongwé, ọmọ onílẹ̀ Libreville, ni ìyá òun. Abọ́ alámẹ́lì àti ìkòkò ló ń tà ní Mont-Bouët. Ó ń sọ Mpongwé, ó ń sọ Yorùbá, ó sì ń fi méjèèjì bú èèyàn láì kọsẹ̀. Nígbà tí adájọ́ ní òun kò fẹ́ gbára lé ìwé nìkan, pé kí ìyá náà wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti wá, ó dùn mọ́ ọn nínú. "Ẹ jẹ́ kí n dé iwájú adájọ́ yẹn," ó ní. "Èmi náà máa bi í léèrè abúlé ìyá tiẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, oníbáàgì pè mí. "Oníròyìn, má tíì lọ sí kóòtù. Máa bọ̀ ní Awendjé." Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ìyá náà ń gbé ní Awendjé. Bàbá yìí ló tọ́ olùdíje lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló rán an níléèwé parí, Bàbá náà ló sì ń pè é. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó láàárín yàrá, ó di tẹ̀súbáà mú, kò sì fà á. Àwọn obìnrin wà nínú yàrá inú, mo ń gbọ́ ìró omi. Kò sẹ́ni tó ń sunkún sókè. Wọ́n ní ìyá náà kírun àsùbáà tán lórí ìjókòó, ó ní kí wọ́n bun òun lómi, kí wọ́n tó gbé omi dé, ó ti lọ.

Àbúrò olùdíje, ọmọkùnrin Bàbá náà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ kí n pè é. Bàbá, ìyá ẹ̀ ni. C'est sa mère!"

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

"Yóò bínú sí wa."

"Jẹ́ kó bínú. Bó bá gbọ́ báyìí, ṣé ó máa dúró ní kóòtù? Á fi wọ́n sílẹ̀, á sáré wálé. Wọn á ní kò wá. Wọn á yọ orúkọ ẹ̀. Ohun tí ìyá ẹ̀ ń retí láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

"Ẹlẹ́rìí ẹ̀ ló kú, Bàbá! Kí ló fẹ́ sọ fún adájọ́?"

"Agbẹjọ́rò ni. Á rí nǹkan sọ. Kóòtù á ti tán kó tó dọ̀sán. Èmi fúnra mi máa lọ síbẹ̀, màá mú un wálé, á jókòó láàárín wa, a ó wá túfọ̀ fún un bó ṣe yẹ."

Ààfáà, ọkùnrin kékeré kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Nkembo, ní òun kò lè fi òkú pamọ́ di ìrọ̀lẹ́ nítorí kóòtù. Wọ́n fẹnu kò sí ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán. Oníbáàgì kọjú sí mi. "Oníròyìn, ṣé o gbọ́? Kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ jáde." Mo ní mo gbọ́. Òkú kì í ṣe ti ìwé ìròyìn kó tó di ti ọmọ ẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù Bàbá fi dún. Olùdíje ni. Àwọn obìnrin inú yàrá dáwọ́ omi dúró. Bàbá gbé fóònù sétí, a sì ń gbọ́ ohùn obìnrin náà wínníwínní.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé Màmá ti múra?"

"Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le láàárọ̀ yìí. Àmọ́ wọ́n ń múra."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí nǹkan kan. Ṣe tìẹ, ọmọ mi. À ń bọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Àbúrò olùdíje bọ́ síta, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Mo jáde sí títì, mo ń pariwo ibi tí mò ń lọ àti iye tí màá san sí gbogbo takisí tó ń kọjá, títí ọ̀kan fi fọn fèrè pé kí n wọlé. Nígbà tí mo dé kóòtù, àwọn ará wa ti kún ẹ̀yìn. Ìròyìn náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú mi. N kò ní láti bi ẹnikẹ́ni, ojú wọn ti sọ ọ́. Olùdíje jókòó níwájú pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Àwọn kan juwọ́ sí i. Àwọn kan ń wo ilẹ̀.

Adájọ́ kò tètè wọlé. Ibẹ̀ ni ètò àwọn àgbà ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Agbẹjọ́rò alátakò tún rojọ́ gígùn, oòrùn sì ń ga. Bàbá dé, ó jókòó létí ilẹ̀kùn, ó ń wo aago ara ògiri. Àbúrò olùdíje tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá adájọ́ kọjú sí olùdíje. Faransé ni wọ́n ń sọ.

"Ẹlẹ́rìí yín dà?"

Agbẹjọ́rò rẹ̀ fẹ́ dìde, àmọ́ òun ló dìde. Àṣà iṣẹ́ ni. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó nígbà tí adájọ́ bá béèrè nǹkan. "Ó ń bọ̀, Adájọ́ àgbà. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ mo ti bá ilé sọ̀rọ̀. Ó ń múra."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà ní Mont-Bouët fi ìborùn di ẹnu, ó dìde, ó sáré jáde. A gbọ́ igbe rẹ̀ láti ọ̀nà ìta, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e mì. Agbẹjọ́rò alátakò fi ojú tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó fara balẹ̀ wo ìlà ẹ̀yìn wa, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adájọ́ ní kí gbogbo wa lọ sinmi díẹ̀ títí ẹlẹ́rìí yóò fi dé. Agbẹjọ́rò alátakò ti ń pe fóònù kó tó dé ìta. Kò ṣòro fún un. Ní Awendjé, ògiri ilé kan ni ògiri ilé kejì, àwọn ará Gabon tó jẹ́ aládùúgbò ti ń bá wọn to àga síwájú ilé láti àárọ̀.

Nígbà tí a padà wọlé, ó dìde kí adájọ́ tó jókòó tán.

"Adájọ́ àgbà, ẹ má jẹ́ ká fi àkókò ṣòfò mọ́. Obìnrin tí wọ́n ní ó ń múra yẹn ti kú láti àárọ̀. Àga ọ̀fọ̀ ti wà níwájú ilé. Madame dúró síbí yìí, ó ní ó dá òun lójú pé ó ń bọ̀."

Olùdíje kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ọgbọ́n kóòtù tó burú ju èyí lọ. "Maître, ẹ kú iṣẹ́," ó fi oyè tí Faransé ń pe agbẹjọ́rò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí wa.

N kò rí ẹni tó lè wò ó lójú. Oníbáàgì, tó lè wo ọlọ́pàá lójú, tẹ orí ba. Ojú obìnrin náà ń rìn lára wa láti ẹnì kan sí ẹnì kejì, ẹ̀rín náà sì ń kúrò ní ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó jókòó létí ilẹ̀kùn.

"Bàbá?" ó ní, ní Yorùbá.

Bàbá dìde, ó ṣí fìlà. "Ìyá ẹ ti lọ, ọmọ mi. Lẹ́yìn àsùbáà ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé wọ́n ń múra."

"Èmi ni."

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ni adájọ́ béèrè. Àbúrò olùdíje ló dìde tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Adájọ́ ní kó bi bàbá náà ìdí tó fi fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọmọ olóògbé. Bàbá dáhùn, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ọwọ́:

"Bá mi sọ fún wọn pé bí ọmọ bá wà lẹ́nu nǹkan tó le, nílé tiwa, a máa ń jẹ́ kó parí ẹ̀. Kó dé àárín ẹbí, kó jókòó, kí ẹnì kan dì í mú, ká tó sọ fún un. Kí n wá pè é lórí fóònù pé ìyá ẹ kú, nígbà tí òun nìkan dúró láàárín àjèjì? Ìkà ni wọ́n ń pe ìyẹn lọ́dọ̀ wa."

"Àṣà ilé wọn kò kan kóòtù," ni agbẹjọ́rò alátakò wí. "Irọ́ ni wọ́n pa fún yín láti ra àkókò. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lónìí."

Olùdíje di etí tábìlì mú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tó ń gbèjà ìjọba. "Adájọ́ àgbà, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún yín." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìgbà wo ni ìsìnkú?"

"Ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán."

Gbogbo wa wo aago ara ògiri.

"Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí n lọ."

"Kò sẹ́ni tó dì yín mú," ni adájọ́ wí, kò sì le mọ́ ọn. "Àmọ́ agbẹjọ́rò yín wà níbí, ẹjọ́ lè máa lọ. Ó lè parí lónìí láì sí yín níbẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń bẹ kóòtù pé kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó jáde. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, Bàbá na ọwọ́ sí i. Kò gbà á.

Nígbà tí a dé Awendjé, ààfáà ti dá èrò dúró. "A ò ní gbé e láìjẹ́ pé ọmọ ẹ̀ rí i," ó ń sọ fún àwọn tó ń kánjú. Wọ́n mú olùdíje wọ yàrá inú, wọ́n ṣí ojú ìyá rẹ̀ fún un. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, Bàbá dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì níwájú rẹ̀, àgbàlagbà tó tọ́ ọ, pẹ̀lú agbádá funfun lára rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá."

"Má bínú sí mi."

"Mi ò tíì lè bá yín sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ dìde."

Àwọn ọkùnrin gbé òkú lọ. Bí wọ́n ṣe ń yà ní ìkòríta ni obìnrin arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ nínú takisí, ó ń ké. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Pointe-Denis ló ń gbé, lódìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi ló sì wọ̀ wá. Mpongwé ló kọ́kọ́ fi bú wa, lẹ́yìn náà ó fi Faransé tún un sọ kí ó má bàa fo ẹnikẹ́ni. "Ẹ gbé àbúrò mi pamọ́ bí ẹja tó bàjẹ́! Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá kú, igbe la máa ń ké. Aládùúgbò ló pè mí! Aládùúgbò!"

Olùdíje dì í mú. Wọ́n jọ sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó sunkún nìyẹn. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, arúgbó náà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù, wọ́n sọ fún un.

"Ta ló ní ìyá wa kì í ṣe ọmọ ibí? Inú ilé tí wọ́n bí àbúrò mi sí ni mo wà. Èmi ni mo sáré lọ pe agbẹ̀bí. Ẹ gbé mi lọ bá adájọ́ yẹn."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ti itẹ́ òkú dé ná, Màmá," ni àwọn obìnrin ń bẹ̀ ẹ́.

Olùdíje ti fà á lọ́wọ́ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láì wọ bàtà, ó ń pe agbẹjọ́rò rẹ̀. Mo gbọ́ ohun tó sọ. "Ẹ sọ fún wọn pé ẹlẹ́rìí mìíràn wà. Ọmọ ìyá kan náà." Ó tẹ́tí sí èsì. "Rárá o, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi. Ó dúró níwájú mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Mo padà sí kóòtù. Ilẹ̀kùn tì. Àwa oníròyìn dúró lórí àtẹ̀gùn, agbẹjọ́rò alátakò ń rìn lọ rìn bọ̀ nísàlẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù jáde, kò gbà kí a bi í ní ìbéèrè kó tó sọ tirẹ̀.

Ó ní kóòtù kò tíì dá ẹjọ́. Ìjókòó yóò tún wáyé lọ́jọ́bọ̀. Olùdíje gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀ láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ìyá rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wá, kóòtù yóò yan ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹbí fún un. Bí adájọ́ bá gbà pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ tan kóòtù jẹ, yóò gbọ́ ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ́jọ́ kan náà. Bí kò bá gbà, kò ní gbọ́ ọ. Kóòtù ti ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ìdìbò fi ti agbègbè náà sílẹ̀ ná.

Mo bi í bóyá ẹni tó bá pàdánù lè gbé ẹjọ́ náà lọ síbòmíràn.

"Rárá," ni akọ̀wé wí. "Ohun tí adájọ́ bá sọ lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n á tẹ̀."